Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí òórùn àti yíyún ojú ara má baà máa padà wá: ìtọ́sọ́nà fún àwa obìnrin Abuja àti Òkè Ọya

"Àǹtí, mo ti lo oògùn ìnfẹ́kíṣọ̀n tán, ó tún ti padà dé." Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbí nìyẹn, láti Kubwa dé Nyanya, láti Lugbe dé Mararaba, àti lẹ́nu àwọn tó ń pè láti Kaduna àti Kano. Ẹlòmíràn ti ra oríṣi oògùn mẹ́ta mẹ́rin ní kẹ́mísì, ó ti mu agbo lé e, ó ti fi omi iyọ̀ fọ inú, síbẹ̀ òórùn yẹn kò lọ. Bí mo bá ní kó sọ orúkọ àìsàn tó ń tọ́jú fún mi, "ìnfẹ́kíṣọ̀n" ṣáá ni yóò máa pè.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìnfẹ́kíṣọ̀n kì í ṣe orúkọ àìsàn kan ṣoṣo. Ó kéré tán, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ yẹn, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ní àfikún, fífọ tí à ń fọ inú ojú ara kó lè mọ́, òun gan-an ló sábà máa ń da ibẹ̀ rú. Bí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ ṣáà di méjì mú: ẹ má fọ inú, ẹ má sì ra oògùn títí ẹ ó fi mọ orúkọ ohun tó ń ṣe yín.

## Ohun tó ń ṣọ́ ojú ara

Ojú ara obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù máa ń kan díẹ̀. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus ló ń mú un kan. Ìbátan rẹ̀ ló ń mú omi ògì kan, ìbátan rẹ̀ náà ló wà nínú nunu àti kindirmo, wàrà kíkan tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri. Ara wa máa ń pèsè oríṣi ṣúgà kan sí ògiri ojú ara. Àwọn bakitéríà yìí ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò mìíràn ráyè pọ̀.

Òṣùwọ̀n kan tó ń jẹ́ pH ni wọ́n fi ń wọn kíkan. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré sí i ni nǹkan ṣe ń kan sí i. Ti ojú ara tó dá ṣáṣá sábà máa ń wà láàárín 3.8 sí 4.5. Ẹ̀jẹ̀ wà ní bíi 7.4, àtọ̀ ọkùnrin ju 7 lọ, ọ̀pọ̀ ọṣẹ sì wà ní 9 sí 10. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Àwọn ló jẹ́ ká mọ ìdí tí òórùn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù, tàbí láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá bá ọkọ yín sùn mọ́jú, tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá fi ọṣẹ fọ inú. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí kò kan ti bo ohun tó ń kan mọ́lẹ̀. Bí bakitéríà rere bá pọ̀ tó, ibẹ̀ á tún padà kan láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ kù díẹ̀, àwọn mìíràn á gba ilé.

Àwọn obìnrin kan wà, pàápàá nínú àwa aláwọ̀ dúdú, tí Lactobacillus kò pọ̀ lára wọn tí nǹkan kan kò sì ṣe wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka èsì láàbù.

Omi tó ń jáde lójú ara kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ó lè mọ́ gaara, ó lè funfun, ó lè gbẹ sára pátá kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀. Láàárín oṣù, nígbà tí ẹyin bá fẹ́ jáde, ó máa ń pọ̀ sí i, ó máa ń yọ̀, ó sì máa ń fà. Òórùn kíkan díẹ̀ kò burú. Ohun tí kò yẹ kí ẹ máa rí ni yíyún, títa, àti òórùn ẹja.

## Ìtọ́jú ojoojúmọ́, ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé

1. Ẹ fọ ìta, kí ẹ fi inú sílẹ̀. Ìta ni ètè méjèèjì àti gbogbo ibi tí irun ń hù sí. Omi lásán tó. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọṣẹ, kó jẹ́ èyí tí kò ní lọ́fínńdà, kó má pọ̀, kó má sì ṣàn wọnú. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó. Nígbà ooru, láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin tí Abuja máa ń gbóná janjan, ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìka kò gbọdọ̀ wọlé. Inú ń fọ ara rẹ̀: omi tó ń ṣàn jáde lójoojúmọ́ yẹn ni ìwẹ̀ rẹ̀.

2. Ọwọ́ yín, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bútà ni ọ̀pọ̀ wa ń lò nílé ìyàgbẹ́ níbí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí ni kí èèyàn fọ ìdí tán kó wá fa ọwọ́ kan náà wá síwájú. Kòkòrò inú ìgbẹ́ ló gbé wá yẹn. Ẹ kọ́kọ́ fọ iwájú, ẹ parí sẹ́yìn, ẹ nu ún gbẹ. Ẹ máa fọ bútà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì da omi tó ti sùn nínú rẹ̀ nù, pàápàá níbi tó jẹ́ pé omi mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, ni gbogbo ilé ń lò.

3. Pátá olówùú, tó gba afẹ́fẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ láti Mararaba dé Wuse nínú oòrùn, tó sì fi lẹ́gíìsì sábẹ́ abaya, á ti làágùn kó tó dé ibi iṣẹ́. Kó fi pátá kejì sínú àpò. Ẹ sá a sí oòrùn, ẹ má sá a sí balùwẹ̀. Lásìkò òjò tí kò bá gbẹ dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́. Lálẹ́, ẹ lè sùn láìwọ̀ ọ́.

4. Nǹkan oṣù. Ẹ pààrọ̀ páàdì ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Ẹ má ra èyí tó ní lọ́fínńdà. Ẹni tó bá ń lo aṣọ, kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kó ṣàn án dáadáa, kó sì sá a sójú oòrùn. Mo mọ̀ pé ojú ń tini ní ilé tí èrò pọ̀ sí. Ẹ lè fi ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí okùn. Fífi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó máa gbẹ níbẹ̀ ló léwu.

5. Ìbálòpọ̀. Kọ́ńdọ̀mù kì í jẹ́ kí àtọ̀ yí kíkan ojú ara padà, ó sì ń dáàbò boni lọ́wọ́ àìsàn ìbálòpọ̀. Ohun tó bá ti kan ihò ìdí kò gbọdọ̀ kan ojú ara láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ kọ́ńdọ̀mù. Òróró, Vaseline àti òrí máa ń ba rọ́bà kọ́ńdọ̀mù jẹ́, ó lè ya. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ tọ̀, ẹ fi omi ṣan ìta, ó tán.

6. Àǹtíbáyọ́tíìkì. Ẹ má máa gbé e mì nítorí ikọ́ tàbí "tífọ́ọ̀dì" tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ẹ má sì gbé Ampiclox mì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ nítorí àtidènà ìnfẹ́kíṣọ̀n. Ó ń pa bakitéríà rere pẹ̀lú, ìdí sì nìyẹn tí yíyún fi máa ń tẹ̀lé e.

7. Sìgá àti shisha. BV, tí ẹ ó kà nípa rẹ̀ láìpẹ́, wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ń fa sìgá.

## Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ ojú ara

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọjà wa ló kún fún nǹkan wọ̀nyí, àwọn tó sì ń tà wọ́n mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ.

- Omi gbígbóná, omi iyọ̀, Dettol, ọṣẹ dúdú, "ọṣẹ obìnrin" tí wọ́n ní kí ẹ fi fọ inú
- Álúmù, ọsàn wẹ́wẹ́, aáyù, oyin, ọṣẹ ìfọyín
- Nunu tàbí yógọ́ọ̀tì
- Ewé, àgúnmu, àti àwọn hóró kéékèèké tí wọ́n dì sínú aṣọ funfun pé ó ń fa ìdọ̀tí jáde
- Kayan mata (oògùn tí wọ́n ní ó ń mú kí ìbálòpọ̀ dùn) tí wọ́n ń kì bọ inú
- Sípírè àti àǹkáṣíìfù olómi tó ní lọ́fínńdà

Èéfín náà wà níbẹ̀. Turaren tsugunno, èéfín tùràrí tí obìnrin ń lóṣòó lé, ti wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ níbí. Ẹ lè fi èéfín tùràrí mú kí aṣọ àti yàrá máa ta sánsán bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n awọ ibẹ̀ rọ̀ púpọ̀, ooru lè bó o, èéfín lè ta á.

Àwọn tó ń lo álúmù àti kayan mata máa ń sọ fún mi pé ojú ara "fún" lẹ́yìn rẹ̀. Kò fún o. Ó gbẹ ni. Ibi tó bá gbẹ máa ń ya wẹ́wẹ́ nígbà ìbálòpọ̀, ibi tó ya yẹn sì ni HIV àti àwọn àìsàn ìbálòpọ̀ mìíràn ń gbà wọlé. Èmi kò ní bá obìnrin kankan jà nítorí pé ó fẹ́ kí inú ọkọ òun dùn, ṣùgbọ́n kí èyí tó ń lò jẹ́ nǹkan tí kò ní wọ ojú ara.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Níbí, wọn á ní kí ìyá ìkókó wẹ wankan jego, omi gbígbóná tí wọ́n ń fi ewé ta síni lára. Lọ́dọ̀ tiwa náà, wọn á ní kó jókòó sínú omi gbígbóná tí wọ́n da Dettol sí. Bí ẹ bá ya tàbí tí wọ́n rán yín, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán nínú bàsíà mímọ́ ni kí ẹ jókòó sí, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí oró títa lè rọ̀ yín lára. Omi tí ìgbọ̀nwọ́ yín kò bá lè gbà, ìdí yín kò lè gbà á. Kí Dettol má sí níbẹ̀ rárá.

## Ẹ mọ orúkọ rẹ̀

BV (bacterial vaginosis). Èyí ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn obìnrin tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ìbímọ. Bakitéríà rere ti dín kù, àwọn mìíràn bíi Gardnerella ti pọ̀, pH sì ti kọjá 4.5. Omi rẹ̀ máa ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ funfun tó fẹ́ dà bí eérú, ó ń rùn bí ẹja, òórùn náà sì máa ń le sí i lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Kì í sábà yún. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in kì í tilẹ̀ rí àmì kankan. Ó ń ṣí ọ̀nà fún HIV àti àìsàn ìbálòpọ̀, ó sì lè mú kí alábọyún bímọ ṣáájú oṣù.

Kandida, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní yíìsì. Bakitéríà kọ́ lèyí, ìbátan olú ni. Yíyún ni àmì rẹ̀ àkọ́kọ́, yíyún tó lè ji èèyàn lójú oorun. Omi rẹ̀ ki, ó funfun, ó ń dì bíi wàrà, kò sì rùn. Ètè ojú ara lè pọ́n, ó lè wú, ìtọ̀ lè máa ta á. pH kì í sábà yí padà. Oyún, ìtọ̀ ṣúgà, àǹtíbáyọ́tíìkì àti àìlera HIV ni wọ́n sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nínú obìnrin mẹ́rin, bíi mẹ́ta ni yóò ní in ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, nítorí náà kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Trichomonas. Kòkòrò kékeré tó ń rìn ni, ìbálòpọ̀ ni a fi ń kó o. Omi rẹ̀ lè pọ́n bí ìyeyè tàbí kó ní àwọ̀ ewé, ó lè hó, ó ń rùn, ó ń yún, ó ń ta. Ọkùnrin lè ní in láìrí àmì kankan, bẹ́ẹ̀ ló sì ń dá a padà fún ìyàwó rẹ̀.

Àmì wọn máa ń wọ inú ara wọn, obìnrin kan sì lè ní méjì pa pọ̀. Àtọ̀sí àti chlamydia náà lè fara hàn bí omi lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fi ojú nìkan mọ̀ ọ́n.

### Ọ̀rọ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì àti "stáfù"

Kò sí èyí tí ẹ ó kó lórí ìjókòó tọ́lẹ́ẹ̀tì nínú BV àti kandida. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ẹ jọ ń gbé nítorí pé ẹ jọ ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan. Ẹ má sì máa dá ìtọ̀ dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí ẹ̀rù tọ́lẹ́ẹ̀tì ọjà. Ìyẹn gan-an lè fa àìsàn sí ọ̀nà ìtọ̀.

Ọ̀rọ̀ stáfù ń dùn mí gan-an. Obìnrin á lọ fún àyẹ̀wò, èsì á jáde pé wọ́n rí "Staphylococcus", ẹnì kan á sì sọ fún un pé ìdí tí kò fi lóyún nìyẹn. Ó di abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó di agbo ìgò méje, owó ń lọ. Staphylococcus máa ń gbé lára awọ àti lójú ara ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Pé wọ́n rí i nínú HVS, àyẹ̀wò omi tí wọ́n fi òwú mú lójú ara, kò túmọ̀ sí pé òun ló ń ṣe yín. Bí ẹ kò bá rí àmì kankan, tí èsì bá sì kọ orúkọ yẹn nìkan, ẹ mú èsì náà lọ bá dókítà kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ra abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń wá ọmọ, kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò tó yẹ.

## Bí ẹ ṣe máa lọ fún àyẹ̀wò

1. Ẹ yan ọjọ́ tí ẹ kò sí lẹ́nu nǹkan oṣù.
2. Fún ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ má bá ọkọ sùn, ẹ má ki oògùn bọ inú, ẹ má sì fọ inú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi lásán ni kí ẹ fi ṣan ìta. Mo mọ̀ pé ó máa wù yín kí ó mọ́ kí dókítà tó rí i, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fọ̀ dànù yẹn ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò.
3. Ẹ lọ sí ibi tí láàbù wà nínú ilé ìwòsàn náà gan-an: ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Kubwa, Wuse, Nyanya tàbí Asokoro, tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Gwagwalada. Trichomonas kì í pẹ́ tó fi ń dẹ́kun mímira. Bí wọ́n bá gbé omi náà rìn jìnnà, wọ́n lè má rí i mọ́.
4. Ẹ béèrè nọ́ọ̀sì obìnrin bí ara yín kò bá gba ọkùnrin. Ẹ̀tọ́ yín ni.
5. Ẹ ní kí wọ́n wọn pH, kí wọ́n wo omi náà lójú ẹsẹ̀ lábẹ́ maikirosíkópù, kí wọ́n sì yẹ HIV wò. Bí yíyún bá ti ń padà léraléra, ẹ fi àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kún un.
6. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi wọ́n pé: Kí ni orúkọ rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni màá lo oògùn? Ṣé ọkọ mi náà máa lò ó?

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano, Zaria tàbí Katsina tí nọ́ọ̀sì kò gbọ́ ju Hausa lọ: yíyún ni *ƙaiƙayi*, òórùn burúkú ni *wari*. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn tó láti bẹ̀rẹ̀.

## Nígbà tí oògùn bá dé ọwọ́

Ti BV. Metronidazole, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Flagyl, ni wọ́n sábà máa ń kọ, 400 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, lẹ́yìn oúnjẹ. Ó lè fi adùn irin sílẹ̀ lẹ́nu, ó lè rìn yín níkùn. Ìwé inú páálí rẹ̀ ń kìlọ̀ nípa ọtí, nítorí náà ẹ jìnnà sí ọtí, bùrùkùtù pẹ̀lú, títí ó kéré tán ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí òórùn lọ lọ́jọ́ kẹta, kí èèyàn sì tọ́jú ìyókù pa mọ́ di ìgbà mìíràn. Ọjọ́ 7 ni kí ẹ lò ó. Ìpara clindamycin wà fún ẹni tí metronidazole kò bá lára mu.

Ti kandida. Clotrimazole tí wọ́n ń kì bọ inú ni, ó lè jẹ́ 500 mg lálẹ́ ọjọ́ kan, tàbí 200 mg fún alẹ́ mẹ́ta. Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ tó kì í, kí ẹ sì sùn lé e lórí. Ẹlòmíràn máa ń gba fluconazole 150 mg láti gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Alábọyún kò gbọdọ̀ lo fluconazole tí wọ́n ń gbé mì yìí. Clotrimazole ọjọ́ 7 ni tirẹ̀, láti ọwọ́ dókítà.

Ti Trichomonas. Metronidazole náà ni, ṣùgbọ́n ọkọ gbọ́dọ̀ lò ó lákòókò kan náà, kí ẹ sì yẹra fún ìbálòpọ̀ títí ẹ̀yin méjèèjì á fi parí.

Oògùn alápòpọ̀ kan wà lọ́jà, tí wọ́n ní ó ń pa "gbogbo ìnfẹ́kíṣọ̀n" lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fara mọ́ ọn. Yóò pa ohun tí kò ṣe yín ní ibi mọ́ èyí tó ń ṣe yín, kò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ èwo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nípa ríra rẹ̀:

- Fámásì tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì
- Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́
- Oògùn tí wọ́n ń kì bọ inú máa ń yọ́ nínú ooru. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò
- Clotrimazole àti ìpara clindamycin lè sọ rọ́bà kọ́ńdọ̀mù di aláìlágbára, nítorí náà ẹ má gbára lé e ní àwọn ọjọ́ yẹn

## Bí ó bá ṣì ń padà wá

BV máa ń padà. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó lo oògùn rẹ̀ tí yóò tún rí i kí ọdún tó yí po, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ̀yin ni ẹ dọ̀tí.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọkọ kò ní nǹkan kan í ṣe nínú ọ̀rọ̀ BV. Ní 2025, èsì ìwádìí kan jáde láti Ọsirélíà tó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní metronidazole láti gbé mì àti ìpara clindamycin láti fi pa nǹkan ọmọkùnrin wọn, fún ọjọ́ 7, nígbà tí àwọn obìnrin wọn ń lo tiwọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12, BV padà bá 35 nínú 100 àwọn obìnrin tí wọ́n tọ́jú ọkùnrin wọn. Àwọn tí wọn kò tọ́jú ọkùnrin wọn, 63 nínú 100 ni. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbé lọ bá dókítà bí BV kò bá fi yín sílẹ̀. Àwọn tọkọtaya tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò ní ẹlòmíràn ni wọ́n lò nínú ìwádìí náà. Bí ẹ bá wà nílé olórogún, ẹ sọ fún dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀. Sísọ ọ́ fún ọkọ lè ṣòro. Ẹ lè ní: "Ẹ̀yin bàbá, dókítà ní bákitéríà náà lè wà lára àwa méjèèjì, kò sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣe ìṣekúṣe. Ó ní ká jọ wá." Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ẹ tún yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Ṣé ẹ ṣì ń fọ inú? Ẹ dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.
- Ṣé ẹ fi wáyà kọ́pà sí ilé ọmọ fún ìfètòsọ́mọbíbí? BV wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ní in. Ẹ má fà á yọ. Ẹ sọ fún olùtọ́jú yín.
- Ṣé ẹ ti gbìyànjú kọ́ńdọ̀mù nígbà gbogbo fún oṣù díẹ̀?

Dókítà lè kọ jẹ́ẹ̀lì metronidazole tí ẹ ó máa lò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Fún kandida tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan, ó lè fún yín ní fluconazole lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ṣúgà àti HIV wò.

Nunu àti kindirmo ńkọ́? Ẹ mu ún, oúnjẹ gidi ni, ṣùgbọ́n oríṣi bakitéríà inú rẹ̀ kọ́ ló sábà ń gbé lójú ara, kò sì lè rọ́pò oògùn. Kápúsù boric acid tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Dókítà lè lò ó fún àwọn kan. Ẹni tó bá gbé e mì lè kú, alábọyún kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ ara yín rà á.

## Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tí nǹkan oṣù ti dá dúró lára yín, ojú ara máa ń gbẹ, kíkan rẹ̀ sì ń dín kù, nítorí omi ara tó ń bọ́ bakitéríà rere ti lọ sílẹ̀. Ìpara kan wà tí dókítà lè kọ fún yín. Ẹ má fi àdí tàbí òrí pa á nínú.

Ọmọdébìnrin tí kò tíì bàlágà kì í ní BV bí àgbà. Bí omi bá ń jáde lára rẹ̀, ó lè jẹ́ nǹkan ló kì bọ ara rẹ̀, ó lè jẹ́ aràn, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ń fọwọ́ kàn án. Ẹ má lù ú, ẹ má sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

## Ẹ má dúró dọ̀la bí ẹ bá rí èyí

- Inú rírun nísàlẹ̀ ìdodo pẹ̀lú ibà
- Oyún nínú, tí omi ń dà tàbí tí òórùn bẹ̀rẹ̀
- Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá dúró pátápátá
- Egbò tàbí ìléròrò lójú ara
- Ìfipábánilòpọ̀: ẹ dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72, kí oògùn tó ń dènà HIV lè ṣiṣẹ́, bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lọ, nítorí ìtọ́jú mìíràn wà